Oògùn Túúlu Tó Gbé Àwo Mi Lọ sí Ẹ̀yìn Ilé

Sí Wongani, ní Lilongwe,

Èmi, Lusungu Mkandawire, tí mo gboyè jáde ní yunifásítì lọ́dún tó kọjá, ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní orúkọ ìyá rẹ, NyaGondwe, àti ní orúkọ Towera, ọmọdébìnrin àdúgbò yín tí wárápá ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu ìyá rẹ ló ti jáde. Èmi kàn tò ó ni.

Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oyún ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ sùn? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ewé tábà sì ń gbẹ lábẹ́ àtíbàbà.

Ohun tó bí mi nínú ni oògùn túúlu tí dókítà rẹ fún mi. Ó ní kí n máa lo hóró kan lálaalẹ́, yálà orí ń fọ́ mi tàbí kò fọ́ mi. Mo lò ó. Láti ìgbà náà, orí kò fọ́ mi rárá mọ́, nítorí náà mi ò rí iṣẹ́ kankan tí oògùn náà ń ṣe. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ.

Bí mo ṣe ń ráhùn lọ́wọ́ ni NyaLungu, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, rí páálí rẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ní irú èyí gan-an ni wọ́n ń fún Towera nílé ìwòsàn. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, wọ́n ní wárápá máa ń ran ẹni tó bá bá alárùn náà jẹun, ìdí nìyẹn tí Towera fi ń dá jẹun lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí a gbé nsima, òkèlè àgbàdo wa, kalẹ̀, tí mo na ọwọ́ sí àwo gbogbo wa, NyaLungu gbé àwo kékeré síwájú mi, ó ní, “Ìyá Wongani, ẹ má bínú, ẹ lọ bá Towera lẹ́yìn ilé. Àwa ṣì ní ọmọ láti tọ́.”

Wongani, kí lo sọ fún dókítà nípa mi? Ìgbà wo ni mo ṣubú rí? Inú bí mi, mo pa oògùn náà tì. Ni túúlu bá padà dé, mànàmáná ń kọ lójú mi, mo ń bì, mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn bí àgbàdo inú àká. Nọ́ọ̀sì wá wò mí, ó ní oògùn kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó ń dá túúlu dúró kó tó dé ni, àti pé wárápá kì í ràn. Mo ti ń lò ó padà. NyaLungu ní kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀, ṣebí kì í ṣe ọmọ ibí.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń jẹun báyìí. Towera yára jù mí lọ, á ti kó ẹja tán kí n tó fọwọ́. Lánàá ó bi mí pé, “Ìyá àgbà, tí ara yín bá ti yá, ṣé wọ́n á pè yín padà síwájú ilé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti àwo sún mọ́ mi, ó sì fi gbogbo ẹja inú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Wá sílé kí a tó kó àgbàdo wọlé. Jókòó láàárín èmi àti Towera, lójú NyaLungu, kí o sì ti ọwọ́ bọ àwo wa. Mo mọ̀ pé ọkùnrin kì í bá obìnrin jẹun níbí. Ìyẹn gan-an ni wọn ò fi ní lè mójú kúrò lára wa. Mú oògùn mi dání, àti ẹja púpọ̀. Dá wa lóhùn lórí fóònù Lusungu kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti Towera ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀, orí tábìlì yín la ó sì ti jẹun.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí kò ní jẹ́ kí o dá jẹun.