Alágídí Tún Gbóná, Ó Tún Kú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kọkànlá

Ó tún kú! Ọkọ̀ mi ló wà níwájú, ó ku díẹ̀ kí n parí ìje — pẹ̀ẹ́! Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, kíá ni mo fà á padà. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ṣé wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni? Owó mi ni mo fi rà á. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ní ilé-ìwé, "ẹ jókòó, ẹ dákẹ́", tí mo bá wá délé, géèmù ìje ọkọ̀ yìí nìkan ni ìgbádùn mi. Òun náà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń tẹ iṣẹ́ ilé-ìwé, kò ní gbóná. Géèmù nìkan ló ń kọ̀. Láti òní lọ, Alágídí ni mo sọ ọ́.

Àmọ́ kì í ṣe tèmi nìkan ló ń dùn mí. Ti Bàbá ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn ní Ẹ̀pẹ́, tí mo gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi n'Íkòròdú nítorí ọsibítù, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń wà, wọ́n á kọjú sógiri. Kápù ni gbogbo èrò ń pè wọ́n, bàbá tó wa ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ sí Ẹjìnrìn títí irun wọn fi funfun! Ọsibítù ní kí wọ́n má máa dùbúlẹ̀ lójúmọmọ. Ta ló gbọ́? Géèmù yìí nìkan ló ń gbé wọn dìde. Tí mo bá ti tan Alágídí, Kápù á wọ́ ẹsẹ̀ wá, wọ́n á jókòó sí igun tábìlì. Tí Alágídí bá ti kú, ó di orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó kú lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní kọ nǹkan kan kí n má baà ṣépè.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo tú u. Èmi fúnra mi. Eruku tó wà nínú ẹ̀ tó láti fi gbin ẹ̀gẹ́. Aáyán kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù rẹ̀, ó na gbogbo ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé ọdún kan sílẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo dì í padà, mo tan án.

Kí n tó jókòó, Kápù ti jókòó. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó náà ni, lẹ́yìn àpótí, níbi tí ènìyàn ò ti lè rí ìdajì ohun tó ń lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ rí ìje yìí dáadáa." Wọ́n mi orí. Ohùn wọn ò tíì là tán, ọ̀rọ̀ máa ń wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, ó tó. Wọ́n gbé ìnura wọn sórí itan bí ìṣe wọn.

Kò pẹ́. Ooru. Òkùnkùn. Mo gbá tábìlì. Kápù gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7

Alákòóso pè. Bọ̀ọ̀dá Tìrìmísíyù ni o, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Òun ló ń ṣàkóso gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì rán an níṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé géèmù ni mò ń gbá mọ́ Bàbá lójú. Ó ní ọwọ́ wọn ò tíì lè di ife mú títí di báyìí, kí wá ni èrè ọsibítù Ìkòròdú? Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún, òun ń gbé mọ́tò bọ̀. Tí ọwọ́ yẹn ò bá tíì lè di nǹkan kan mú, òun ń gbé bàbá òun lọ sílé.

"Bàbá òun"! Ta wá ni bàbá tèmi?

Tí wọ́n bá dé Ẹ̀pẹ́, ta ló máa gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀? Òun tó ti wà létí ọ̀sà kí ilẹ̀ tó mọ́? Àbí ìyàwó ẹ̀ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù títí alẹ́? Wọ́n á gbé àga fún wọn síta, gbogbo ẹni tó ń kọjá á máa kí wọn pé ẹ kú ìjókòó, ọwọ́ yẹn á sì gan pátápátá. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ ké. Ohun tó wá jáde lẹ́nu mi ni "ẹ ṣé, sà." Ẹnu mi yìí náà, ó mọ ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo gbé Alágídí lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá dé àdúgbò Agric, bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Fàwáz ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Mo-Ti-Gbọ́ ni mo ń pè é, torí mi ò tíì la ẹnu tó fi ń sọ pé "mo ti gbọ́, Àǹtí." Ó ní òun máa pààrọ̀ ìpara funfun abẹ́ fáànù, èyí tó ń fa ooru kúrò, kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Alágídí ò sí nílé. Kápù kọjú sógiri.

Mo rẹ ìnura sínú omi gbígbóná, mo fẹ́ fi jó ọwọ́ wọn. Ìtẹ́olúwa, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan wọn ní ọsibítù, ló ní ká máa ṣe é láràárọ̀, ká sì máa ṣí ìka wọn, ká máa pa á dé. Wọ́n fi ọwọ́ òsì já ọwọ́ náà gbà lọ́wọ́ mi. "Ṣé òkú ni mí, tó o fi ń wẹ̀ mí?" Ojoojúmọ́ la ń ja ìjà yìí. Inú bí mi, mo da omi náà nù síta, ó ku díẹ̀ kí n dà á lé adìẹ onílé lórí.

Ọjọ́rú, 12

Ọsibítù. Ìtẹ́olúwa di ìka Bàbá mú, ó ṣí i, ó pa á dé. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ti ń dẹ̀, báyìí ó tún ti le. "Kí lẹ yí padà nílé?" Mo ní kò sí o, àfi kọ̀ǹpútà mi tó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ló wá pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Èmi mọ ohun tí mò ń sọ. Tí inú Kápù bá dùn, ọwọ́ wọn á dẹ̀. Géèmù yẹn ló ń mú inú wọn dùn. Alágídí gbọ́dọ̀ yá kí Alákòóso tó dé, kò sọ́nà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Fàwáz ní kò sóhun tó ṣe é! Ó ní òun gbá géèmù kan náà láti àárọ̀ títí di ìrun Alásàárì, kò kú, kò tilẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní bóyá ilé mi ni kò dáa fún un. Ilé mi! Yàrá tó ní fèrèsé méjì! Abẹ́ àtẹ̀gùn tiẹ̀ tí atẹ́gùn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló wá dáa? Mo gbé Alágídí mi, mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14

Mo gbé Alágídí padà sórí tábìlì, Kápù dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnu wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi bọ́ lójú mi.

Ó kú kí n tó parí ìje kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Gbogbo nǹkan ni mo ṣe lónìí. Mo yí ibi tí mò ń ki wáyà bọ̀ padà. Mo fi bíríkì méjì gbé Alágídí sókè. Mo ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Kápù ní kí n dé e padà, kí aáyán má baà wọ̀ ọ́. Láti ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ aáyán ti kàn wọ́n? Mo dé e. Mo gbé fáànù onírin wa wá, mo kọjú ẹ̀ sí i. Mo lọ pọn omi, kí n tó dé wọ́n ti fi ọwọ́ òsì yí fáànù kọjú sógiri. Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn.

Òtútù! N'Íkòròdú! Lábẹ́ páànù yìí!

Ó kú. Gbogbo ẹni tó wà láyìíká mi ló dìtẹ̀ mọ́ mi, àti ẹlẹ́mìí àti aláìlẹ́mìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo pe Mo-Ti-Gbọ́ wá sílé kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Kápù ò jáde ní yàrá, wọn ò fẹ́ kí àlejò rí ọwọ́ wọn. Fàwáz gbá ìje, ó jẹ ẹ̀bà mi, ó tún gbá ìje. Alágídí ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ojú tì mí.

Fàwáz lọ. Kápù jáde wá jókòó. Mo gbá ìje kan ààbọ̀. Pẹ̀ẹ́!

Mo pè é lórí fóònù, mo pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ó jọ pé ẹ̀yin ni kò fẹ́ràn o." Mo já fóònù mọ́ ọn lójú.

Ọjọ́rú, 19

Ìtẹ́olúwa ní ìka ti tún dẹ̀, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ife lé Bàbá lọ́wọ́, wọn ò dì í mú, wọ́n ń wo àwọn èrò tó jókòó síbẹ̀. Ó ní ohun yòówù tí mò ń ṣe nílé, kí n má dá a dúró.

Kí ni mò ń ṣe? Ìbínú nìkan ni mò ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 20

Kò síná. Mi ò tan nǹkan kan. Kápù ní, "Alágídí ńkọ́?" Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ orúkọ ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ọ̀la ni. Mo lọ aṣọ Bàbá. Mi ò kó o sínú báàgì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé wọn lọ, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kó o.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Alákòóso gba ọ̀nà Àgbówà dé kí oòrùn tó mú. Ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ kan, ìkùnsínú lọ́wọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó wà nínú apá dàńṣíkí, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì. Ó ní, "Mardiyah, báàgì Bàbá dà?"

Mo tan Alágídí. Mo ní, ẹ dúró, ẹ fojú yín rí ohun tó ń gbé wọn dìde. Lóòótọ́, Kápù wọ́ ẹsẹ̀ wá, wọ́n jókòó sí igun wọn. Mo gbá ìje. Mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi: Alágídí, jọ̀ọ́, lónìí nìkan.

Ó kú.

Alákòóso rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí lo fi ń wo bàbá wa sàn?"

Háà! Gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí dé orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀, mo ti gbá a mọ́, mo ti ra ìpara fún un, kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe? Mo di Alágídí mú lọ́tùn-ún lósì, mo fẹ́ yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí i. Kò yí. Mo fà á. Nǹkan kan ń fà á padà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn.

Ìnura Bàbá ló bo gbogbo ihò tí ooru ń gbà jáde, wọ́n ki etí ẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àpótí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lábẹ́ ìnura náà. Ohun tó ń fa Alágídí mọ́ mi lọ́wọ́ ni ìka wọn. Ó di etí àpótí náà mú gírí.

Alákòóso bẹ̀rẹ̀, òun náà rí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ké. "Bàbá! Ẹ̀yin! Láti ọjọ́ yìí wá! Mo bú Fàwáz, mo bú iná, mo gbá aáyán dànù!" Mò ń ké, mò ń sunkún. Ojú Bàbá ò kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní, díẹ̀díẹ̀, "Ooru ẹ̀ dáa. Kì í dì mí mú bí ọmọ ọwọ́."

Alákòóso ti kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé, a máa wá ooru fún yín ní Ẹ̀pẹ́." Ohùn ẹ̀ ò le mọ́.

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó bọ́, wọ́n tún gbé e. Wọ́n jù ú sínú àpò dàńṣíkí wọn, wọ́n fọwọ́ lé e. Wọ́n ní kí n lọ se ẹja tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá.

Ọjọ́ Ajé, 24

Alákòóso sùn síbí. Wọn ò fún un ní kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó lọ lóun nìkan.

Mo ròyìn fún Ìtẹ́olúwa lórí fóònù, ó pariwo lé mi lórí. Ó ní ọwọ́ tí kò mọ ìrora dáadáa lè jóná kí ẹni tó ni ín tó mọ̀, kí n máa wà níbẹ̀, kí n máa fọwọ́ ara mi wo ooru ẹ̀ ná. Ó ní ìka tó ń ṣí tó ń pa dé ló ń ṣiṣẹ́ jù, ooru kàn ń bá a dẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní mo gbọ́. Inú ṣì ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹni kan jókòó tì mí, ó ń wo àjà!

Mo dé Agric, mo bẹ Fàwáz fún gbogbo èébú. Mo bi í, géèmù wo ló ń mú kọ̀ǹpútà gbóná jù lọ? Ó ní ọ̀kan wà, àmọ́ kí n má dán an wò pẹ̀lú Alágídí, kò ní jẹ́ kó sinmi.

Mo ní kó wá fi sínú ẹ̀ fún mi lónìí.