Nípa Ìwà Ajá Wa àti Ti Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ìlú ńlá tí o wà yẹn yóò gbà ọ́, àìsàn kò ní mọ ojúlé rẹ. Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà, àfi èmi àti bàbá rẹ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ìwà ẹranko. Inú mi dùn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ó yẹ kí ẹnì kan dá sí ọ̀rọ̀ náà. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé òbúkọ wa kò níwà rárá. Ó jẹ fìlà télọ̀ àdúgbò wa níṣojú télọ̀ fúnra rẹ̀, ojú ò sì tì í. Ewúrẹ́ níwà díẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá wà tí wọ́n fi ń fẹjọ́ òbúkọ sùn, fi ránṣẹ́.

O ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ẹranko kò lè sọ tẹnu rẹ̀, àfi kí èèyàn jókòó, kó wo ohun tó ṣe, kó má sì kọ èrò ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó jọ mí lójú pé àwọn kan ń gbowó oṣù lórí ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo ní kí n dán an wò. Ajá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló súnmọ́ bàbá rẹ jù, bàbá rẹ gan-an ló sì ń dùn mí. Wọn kì í dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kí wọn láti ẹ̀yìn, wọ́n á máa hun apẹ̀rẹ̀ wọn lọ. Télọ̀ ní àgbàlagbà tó bá dákẹ́ báyẹn, ìyàwó mìíràn ló ń rò. Mo ti di ẹrù mi, mo fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tí mo ṣọ́ ajá, mo rí i pé bí ebi bá ń pa á, èmi ló ń gbó mọ́. Tó bá kan bàbá rẹ, yóò rọra yí wá síwájú wọn, yóò fi imú kan ẹsẹ̀ wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fún un lóúnjẹ. Mo ní, ajá yìí níwà o. Ṣùgbọ́n o ní kí n má kọ èrò mi mọ́ ọn, mo bá pa á rẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí fóònù. Lọ́jọ́ tí o pè, tí ò ń ṣàdúrà fún wọn, mo gbé e sí wọn létí, fóònù kú láàárín àdúrà, wọ́n sì ń ṣe àmín lọ. Mo rò nígbà náà pé àdúrà ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ.

Mo dìde, mo yí lọ síwájú wọn bí ajá ti ń ṣe, mo fọwọ́ kan orúnkún wọn, mo sì kí wọn. Wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó mà ti pẹ́ tí mo ti bá àwọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn o, àwọn rò pé mo ń bínú ni.

Ọmọ mi, kì í ṣe ìwà. Etí ni.

Mo ti tú ẹrù mi. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí n lè mú wọn wá rí dókítà etí, kí o sì ra eegun fún ajá. Ẹjọ́ òbúkọ ṣì wà níbẹ̀.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pè ọ́ fún ire, wàá gbọ́. Mo sọ àdúrà yìí níwájú bàbá rẹ kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ṣe àmín, ó sì bọ́ sásìkò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.