Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Ìfúnpá àti Àga Tí Àbúrò Mi Kàn

Èmi, tí wọ́n bí ní àkọ́bí, tí iṣẹ́ sọ ní Bàbá Aránṣọ, tí àwọn oníbàárà sì ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé n kì í gé aṣọ ẹnikẹ́ni láìwọn ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì, ni mo kọ ìwé yìí ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọpọlọ mi pé. Ojú mi ṣì ń ríran fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìlo awò. Kò sí ẹni tó fipá mú mi.

Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìbínú àti ìbẹ̀rù ló kọ ìyẹn. Èmi kàn bá wọn di kálàmù mú ni.

Ẹ̀yin alámòójútó ogún mi, ìyàwó mi Olùkọ́ àti ọmọbìnrin mi àgbà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èkíní. Ilé tí à ń gbé, yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, di ti Olùkọ́. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sì rẹ̀ ẹ́ láti kọ́ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá ránṣọ, mo wọn apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun gbọ́ pé mo máa ń wọn ènìyàn. Mo ní ẹ̀kẹta, tèmi ni. Mo fún un ní téèpù mi náà. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èkejì. Ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì àti àlùmọ́gàjí ńlá di ti ọmọbìnrin mi, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ju tèmi lọ. Ẹni tó bá fi àlùmọ́gàjí yẹn gé bébà, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Ológbò bá ṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí kò gbà rí pé ẹnikẹ́ni ló ni òun.

Ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, di ti àbúrò mi, Káfíńtà. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀rọ yìí ló kó ìjà wọ àárín wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n sì ra ẹ̀rọ ìwọ̀n tí à ń dì mọ́ apá lókè ìgúnpá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí n sì rí i dájú pé aṣọ ìdìpá rẹ̀ bá apá mi mu. Etí mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ló lọ rajà. Èyí tí páálí rẹ̀ dára jù ni mo mú. Mo délé, mo dì í lé orí ẹ̀wù òtútù, mo kó ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo sì ń bá àbúrò mi jiyàn lórí ilẹ̀kùn kan tó kàn tí kò ṣe é tì. Ẹ̀rọ gbé 190 lórí 112 jáde. Mo ní ikú dé. Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, ó ní irọ́ ni, pé bí a bá dì í mọ́ òkúta, yóò ní òkúta ń ṣàìsàn. Mo ní ikú mi ló fi ń ṣẹlẹ́yà, mo sì lé e jáde. Ọjọ́ náà ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn, tí mo yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Oṣù méje la fi ń kọjá ara wa ní títì bí àlejò.

Olùkọ́ ló ní kí n bọ́ ẹ̀wù níkẹyìn. Ó fi téèpù mi wọn apá mi: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógójì. Ó wo ara aṣọ ìdìpá. 22 sí 32 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀wù ọmọdé lẹ fi ń há ara yín mọ́ láti oṣù méje.” Èmi tí mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé a kì í wọn ènìyàn lórí aṣọ! Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kan iṣẹ́ mi. A ra aṣọ ìdìpá tó gbà mí, a gbé ẹ̀rọ lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà, ó fi wé tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: 146 lórí 88. Ẹ̀jẹ̀ ń ru, àmọ́ kò tíì tó ohun tí à ń torí ẹ̀ hágún.

Láti ìgbà náà, èmi àti àbúrò mi ń kíra, à ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì sọ ọ́. Àbúrò mi, ẹ̀rọ kò purọ́, ìwọ náà kò ṣẹ̀. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò. Má bínú.

Ẹ̀kẹrin. Àga àti tábìlì kékeré tí Káfíńtà kàn fún mi nígbà ìgbéyàwó mi padà di tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà wò wọ́n, ó yìn wọ́n fún wíwọn ìfúnpá: ẹ̀yìn ń rí ibi fara tì, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ń kanlẹ̀, tábìlì sì gbé apá dé ọ̀gangan àyà. Ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ló kàn wọ́n. Àmọ́ ọlọ́gbọ́n yìí kì í jẹ́ kí a wọn òun. Ó ní igi lòun ń wọ̀n, òun fúnra òun kì í ṣe igi. Ọdún yìí ló pé ọdún márùndínláàádọ́rin, ọjọ́ orí tí bàbá wa ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dìde mọ́. Ẹnikẹ́ni kò wọn bàbá wa rí.

Nítorí náà, kí ó má dúró de ikú mi. Ogún kẹta àti ìkẹrin bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí a jọ máa lò wọ́n. Kí ó máa wá láràárọ̀ kí ó tó jẹun, kí ó tọ̀, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ (ibẹ̀ ni yóò ti nira), kí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti fa ìlà sínú ìwé. Ìdajì ojú ewé jẹ́ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú tún ló kọ èyí, mo wọn ara mi kí n tó fọwọ́ sí i: 128 lórí 78, lẹ́ẹ̀kejì, 126 lórí 78.

Ìbuwọ́lùwé: Bàbá Aránṣọ, Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.
Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọn kò ní ìpín nínú ogún yìí: Nọ́ọ̀sì Àgbà àti Aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Àfikún, lọ́jọ́ kan náà, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí kan náà. A ka ìwé yìí sétí Káfíńtà. Ó ní ilẹ̀kùn yẹn ṣe é tì, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n tì. Lẹ́yìn náà ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Olùkọ́ ló ń wo aago. Pẹ́ńsùlù tó máa ń há sétí ló fi kọ ọ́ fúnra rẹ̀: 164 lórí 98, 160 lórí 96. Kò pe ẹ̀rọ ní òpùrọ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kí ó wá sí ilé ìwòsàn lówùúrọ̀ ọ̀la. Káfíńtà ní àfi bí mo bá tẹ̀lé òun. Mo gbà. Mo ti rán ẹ̀wù alápá kúkurú kan sílẹ̀ fún un láti oṣù tó kọjá. N kò wọ̀n ọ́n kí n tó gé e. Apá kan náà ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì.