Mo Yí Ọ̀rọ̀ Kíné Padà fún Orogún Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó bú mi. Èmi ni ìyáàlé nílé wa ní Atakpamé níbí, ọkọ wa ń ta aṣọ lọ́jà. Orogún mi bímọ lọ́dún tó kọjá, àtìgbà náà ni ìsàlẹ̀ ikùn àti abẹ́ ti ń dùn ún, kò lè jókòó pẹ́, kò sì lè sún mọ́ ọkọ... ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn, nítorí ọkọ padà sí yàrá mi.

Ṣùgbọ́n ìrora yẹn gan-an lèmi náà ní láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi o. Ọkọ wa ní kí n máa jókòó sínú omi gbígbóná, pé bí ara obìnrin ṣe rí nìyẹn. Ti ìyàwó tuntun wá dé, ọkọ wa ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ní kó lọ rí kíné, obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan. Ṣé igi ni wọ́n fi gbẹ́ èmi ni? Ṣé èmi kì í ṣe obìnrin ni?

Ìyàwó ò gbọ́ Faransé, èmi tí mo lọ iléèwé ni ọkọ ní kó tẹ̀ lé e lọ ṣe ògbufọ̀. Kíné yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan abẹ́ rẹ̀ ló le jù, kì í dẹ̀, òun ló ń fa ìrora. Ó ní kó máa dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún, kó máa mí wọnú ikùn, kó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ̀, kó má fún un pọ̀ rárá... Mo yíjú sí orogún mi, mo ní kó máa fún un pọ̀ gan-an, kó ka mẹ́wàá kó tó tú u sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé èmi ni mò ń ṣe ohun tí kíné sọ. Mo máa ń tilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀, mo mí... ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìrora ọdún mẹ́jọ ti ń lọ. Tirẹ̀ ń le sí i.

Láàárọ̀ yìí ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní bóyá òun kì í fún un tó ni, òun á máa ka ogún báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni ràǹdéfú wa, ọjọ́ tí kíné ní ká padà wá. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ á lé mi... tí ara rẹ̀ bá sì yá, ọkọ á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣì ń jowú, n ò ní parọ́ fún yín. Mò ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì báyìí, ó ti ka dé mẹ́rìnlá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ní orogún, ẹ gbà mí, tí mo bá kan ilẹ̀kùn yẹn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?