Ọfà Tí Mo Yà Sórí Òkè

Mọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹfà
Orí mi pé jù! Àwọn Ìgbín – àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin orí òkè fún odidi ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń gbé àpò kiri bí ìgbín ṣe ń gbé ilé ẹ̀ – ọ̀nà wọn kì í gba iwájú ìsọ̀ mi. Ọfà pupa tí Bàbá Ọ̀dà ń yà sára òkúta ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Èmi náà ra ọ̀dà pupa. Mo ha ọfà oríta dànù, mo ya tèmi. Ó kọjú sí ọ̀nà ewúrẹ́, tààrà sí ìsọ̀ mi. Ta ló gbọ́n tó mi?

Túsìdè, 5
Mínírà tán. Bisikíìtì tán. Ọba Òkè ni mí!

Tọ́sìdè, 7
Òjò ńlá láti àná. Bàbá Ọ̀dà wá ra bisikíìtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Lọ́la, ọkọ̀ máa gbé bàbá lọ sẹ́yìn òkè, wọ́n á wá fẹsẹ̀ bọ̀ wálé, wọ́n á máa tún ọfà yà bọ̀. Ọdọọdún ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí ọ̀dà bá ṣẹ́ kù, màá bá ẹ ya ọfà kékeré kan fún ìsọ̀ ẹ. Ọ̀fẹ́ ni." Mo ní ẹ má ṣèyọnu, bàbá.
N ò lè wo ojú wọn.

Sátidé, 9
Kùrukùru bo gbogbo òkè. Bàbá ò tíì dé. Ọmọ wọn, Télọ̀, ti wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Sọ́ńdè, 10
Èmi ni mo rí wọn. Gbogbo ìlú ń wá wọn lókè, èmi nìkan gba ọ̀nà ewúrẹ́. Òjò ti gé etí ọ̀nà yẹn já. Bàbá wà nísàlẹ̀ – ojúgun kán, agolo ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́. "Ìwọ ni? Ọlọ́run ṣeun."
Mo pọ̀n wọ́n wálé. Àtẹ́wọ́ ń dún wàá-wàá. Ìyá mi ń sunkún pé òun bímọ. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ ibẹ̀? Mo ní ọkàn mi ló sọ fún mi.
Ọkàn. Èmi!

Mọ́ńdè, 11
N ò ṣí ìsọ̀.

Wẹ́sìdè, 13
Mo lọ kí Bàbá. Wọ́n ní ojú àwọn ti lọ, pé àwọn fúnra àwọn ló ya ọfà oríta tí àwọn tẹ̀ lé nínú kùrukùru sódì lọ́dún tó kọjá, àwọn ò mọ̀. "Tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló já síbẹ̀ ńkọ́?" Télọ̀ ti kó búrọ́ọ̀ṣì wọn pa mọ́: "Bàbá mi, ó tó gẹ́ẹ́." Àgbàlagbà ń sunkún lójú mi. Bàbá tún ní kí Télọ̀ fún mi ní omi tútù, pé olùgbàlà àwọn ni mí.

Fúráìdè, 15
Mo lọ ha ọfà mi kúrò. Kò lọ tán.

Sọ́ńdè, 17
Mo ti jẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Télọ̀ dúró tòun ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Mo retí èpè. Mo retí ìgbátí.
Bàbá ní, "Ìwọ lo yà á?" Èmi ni, sà. "Kì í ṣe èmi?" Ẹ̀yin kọ́ rárá.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! "Ojú mi ò tíì lọ! Ẹ gbọ́ o, ojú mi ò tíì lọ! Gbé búrọ́ọ̀ṣì mi wá!" Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ń dúpẹ́. Dúpẹ́! Wọ́n ní tí ẹsẹ̀ àwọn bá jinná, àwọn ṣì máa bá mi ya ọfà ìsọ̀ mi.
Télọ̀ nìkan ló ṣàánú mi, ó fún mi ní díẹ̀ nínú ohun tí mo retí. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.