Fọ́tò Ìyá Ẹlòmíì Ni Mo Fi Kéde Ikú Ìyá Mi

Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi kú n'Ísẹ́yìn níjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ìdí gàrí díndín ni iná ti jó wọn lójú kí wọ́n tó bí mi, ká má purọ́, wọ́n ń tì mí lójú... Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi ò rí wọn rí. Tó bá ní ká lọ kí màmá, màá ní wọ́n ti lọ sóko n'Ílerò.

Ó wá ku kí n gbé fọ́tò wọn síta, mi ò ní ẹyọ kan! Mo bá lọ síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára, mo rí màmá arẹwà kan tó wé gèlè funfun, ó ń rẹ́rìn-ín... Ẹni tó yà á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gbangba pé ẹ lò ó, ẹ ṣáà kọ orúkọ mi àti ti màmá yìí sí i, ẹ má sì fi dójú tì wọ́n. Mo kà á o. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló máa mú mi? Mo gé orúkọ wọn dànù, mo kọ ti ìyá mi sí i pé ó dìgbà o. Àfẹ́sọ́nà mi sunkún, ó ní abájọ tí mo fi rẹwà! Ó ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára flex ńlá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Àfi bí ẹni tó ya fọ́tò ṣe kọ̀wé sí mi lánàá pé ìyá òun ni, pé wọ́n wà láàyè l'Ótù, pé àwọn èèyàn ti ń wá bá àwọn dárò, màmá sì rí ikú ara wọn lórí fóònù, wọn ò jẹun mọ́, wọ́n ń béèrè ẹni tó fẹ́ pa àwọn. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n sọ fáyé pé irọ́ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun máa gbé màmá wá síbi àdúrà. Mo block ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Pé ìyá yẹn náà ti dàgbà, ṣé kò lè kúkú kú ni... Àbí orí mi ti dàrú?

Iléyá tó kọjá, ìyá mi wọ aṣọ tuntun, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò kan ṣoṣo. Mo ní bátìrì mi ti kú. Kò kú.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún àfẹ́sọ́nà mi? Tí mo bá sì yọ fọ́tò yìí, ojú ta ni mo fẹ́ fi síbẹ̀?