Ohùn Tó Ka Orúkọ Òkú Wa: Ìgbésí Ayé Olóògbé Budimir Radenković (1941–2019)

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 1941, ní ìlú Stara Breza létí odò Morava, ni a bí Bàbá wa ọ̀wọ́n, Olóògbé Budimir Radenković, sínú ìdílé Radenković, àwọn tó ń fi igi ṣe àgbá ọtí láti ìrandíran. Bàbá tó bí wọn ni Vukašin, ìyá wọn sì ni Stamena, ọmọ ilé Tomović. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wa nígbà náà, abẹ́ ilé ni a sì gbé ọmọ tuntun náà pamọ́ sí. Ìyá wọn máa ń sọ pé ẹkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá gbogbo ilé, torí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń sunkún jẹ́jẹ́. Ohùn ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún wọn, kó tó fún wọn ní eyín.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ìlú wa, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ ojú irin ní Belgrade. Ní ọdún 1962 wọ́n padà wálé, wọ́n ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Budimir bá kéde pé ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Niš ti pẹ́, ó máa ń ṣe ènìyàn bíi pé ọkọ̀ náà ló jàre. Níbẹ̀ ni Ljubinka, ìyá wa, ti gbọ́ ohùn wọn kí ó tó rí ojú wọn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1966. Màmá wa jẹ́wọ́ fún wa pé ohùn náà ga ju ẹni tó ni ín lọ, ṣùgbọ́n òun ti fẹ́ràn rẹ̀ ná.

Ní ọdún 1993 tí ìlú wa dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, Bàbá ni a fi sídìí ìròyìn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú òkú: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dán. Wọ́n ti kí ìlú pé ó dàárọ̀ ní ọ̀sán gangan rí. Níbi ọjà ẹran, àgbò kan jẹ ìdajì ìwé wọn mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ka ìkéde àwọn tó kú, kò sì sí ẹni tó ń ṣeré nígbà náà. Lóòótọ́ a máa ń lẹ àwòrán òkú mọ́ òpó iná ní ìgboro, ṣùgbọ́n ní Stara Breza, òkú tí Budimir kò tíì kà, ojú ẹni tó ń ṣàìsàn la ṣì fi ń wò ó.

Ní oṣù Kejì ọdún 2003, Krsman Petković kú. Agbẹ́kànga ni Krsman. Ilé tí kò mu omi ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ ní ìlú wa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ra àga tuntun, irú èyí tó ń yí bírí, tó ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá jókòó lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde Krsman, àga náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá dúró, kí ó tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, a kì í gé ìkéde òkú sí méjì. Àwọn àgbà gbà pé orúkọ tí a bá dákẹ́ sí, ibẹ̀ ni ikú yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà. Nítorí náà Bàbá ń kà, wọ́n sì ń rì. Táì wọn lọ, àgbọ̀n wọn lọ, ó wá ku iwájú orí nìkan. Zoran tó ń ya àwòrán rò pé òun ń ṣoore, ó rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn, gbogbo ìlú bá rí abẹ́ tábìlì: kóòtù dúdú lókè, ṣòkòtò eré ìdárayá nísàlẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ pupa tí Màmá wa fọwọ́ hun. Wọ́n ṣì ń kà. Wọ́n dé ibi àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé, wọ́n ní, “Ìyàwó rẹ̀, Milunka…” Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Zoran, ti Bàbá náà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. A kò gbọ́ orúkọ kankan mọ́. Àwòrán òdòdó ni wọ́n fi dí ojú tẹlifíṣọ̀n.

Ètò apanilẹ́rìn-ín kan ní Belgrade gba àwòrán náà, gbogbo orílẹ̀-èdè sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ iléèwé á máa pariwo lẹ́yìn Bàbá pé, “Krsman ti gbẹ́ kànga sábẹ́ Budimir! Ẹ ju okùn sí i!” Bàbá kò bínú sí wọn. Ilé Milunka ni wọ́n gbà lọ. Obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló ti dá wọn lóhùn: “Krsman ń wọ inú kànga láti kékeré, ó sì ń gòkè wá lójoojúmọ́. Ìwọ jókòó sórí àga lásán, o ò lè dúró sókè fún un. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, jàre!”

Ní ọjọ́ kejì Bàbá sọ fún ọ̀gá wọn pé àwọn kò ní ka orúkọ òkú kankan mọ́ àfi bí Milunka bá ní kí àwọn kà á. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí ogójì ọjọ́ Krsman, Bàbá gbé àlìkámà sísè àti wáìnì tí a fi ń ṣèrántí òkú lọ sí ibojì. Milunka kẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀dọ́ kan ló wá ń ka òkú ní tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń kà á bí ẹni tó ń pe iye owó kábéèjì. Inú ìlú kò dùn rárá. Obìnrin kan dá Milunka dúró níwájú ilé búrẹ́dì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í. Ìyá mi ti ń lọ, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ yẹn kà á.” Milunka ní, “Sọ fún ìyá ẹ kó ní sùúrù.”

Àwa tí a wà nílé ló mọ bí Bàbá ṣe rí ní ọdún yẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ó dùn wá wọra.

Ní oṣù Kejìlá, ọjọ́ Nikola Mímọ́ pé, èyí tí í ṣe ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé wa. A kì í pe ènìyàn sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá ti wá, a kì í sì í lé e. Ilẹ̀kùn ṣí, Milunka wọlé pẹ̀lú ìborùn dúdú rẹ̀. Àbúrò Bàbá gbé ẹja dúró lẹ́nu. Milunka mú díẹ̀ nínú àlìkámà sísè tó wà lórí tábìlì, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì jókòó.

Ó ní, “Budimir, mi ò wá bá ẹ jà. Ẹ̀rín yẹn, mo ti gbàgbé ẹ̀. Krsman ì bá rín jù ẹ́ lọ. Ṣé o mọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn? Orúkọ mi lo dákẹ́ sí. Àwọn ọmọ mi ló kàn, ikú sì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Látìgbà yẹn, tí Dragica bá ti wúkọ́, àyà mi á já. Tí Mladen bá gun kẹ̀kẹ́ jáde, mi ò ní lè jẹun títí á fi dé. Jọ̀ọ́, parí ẹ̀.”

Bàbá ti rò pé ìtìjú ni àwọn gbé lé obìnrin náà lọ́rùn. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Wọ́n dìde, wọ́n de bọ́tìnnì kóòtù wọn. Kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Ohùn tí a ti ń retí láti oṣù Kejì jáde: “Ìyàwó rẹ̀, Milunka. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Mladen. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Dragica. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ognjen àti Teodora. Àwọn ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́, àti gbogbo ilé tó ń mu omi rẹ̀.”

Milunka sunkún, kò fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ó nujú, ó ní, “Ljubinka, bu ọbẹ̀ ẹja fún mi. Ebi ti ń pa mí tipẹ́.”

Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n sì ń kà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2014. Wọ́n kọrin nínú ìjọ Nikola Mímọ́ títí àyà wọn kò fi gbà á mọ́. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń dẹ́rù bà sọ̀rọ̀, wọn a ní kí wọ́n má bẹ̀rù ẹ̀rín, ẹni tí ẹ̀rín náà bá kàn ni kí wọ́n wá lọ.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn àìsàn ọkàn, wọ́n dákẹ́ nínú ilé ara wọn. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ìyàwó wọn, Ljubinka. Àwọn ọmọ, Vidosava àti Ratko. Ìyàwó Ratko, Gordana. Àwọn ọmọ-ọmọ, Lenka, Vukašin àti Iskra. Àti àbúrò wọn, Desimir.

Láàárọ̀ àná, kí àlùfáà tó dé, Màmá Milunka jókòó ti pósí. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó sọ fún wọn: “Budimir, tó o bá dé ọ̀dọ̀ Krsman, fẹnu ara ẹ sọ ọ̀rọ̀ àga yẹn fún un, má fi nǹkan kan pamọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.”

Ẹ sùn jẹ́jẹ́, Bàbá wa. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí ẹ bá àwọn tí ẹ ti ka orúkọ wọn yọ̀.